Bí ẹ ṣe lè fi ọjọ́ méjì rin àwọn ìlú etíkun Fife ní Scotland

Àwọn èèyàn wa tó ń lọ sí Fife, St Andrews nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń dé. Wọ́n á bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á ya fọ́tò lórí afárá olókùúta kékeré tó wà ní pápá gọ́ọ̀fù, wọ́n á ra bisikíìtì oníbọ́tà fún àwọn ará ilé, ó di Edinburgh. Ìyẹn náà kò burú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí, àwọn ìlú kéékèèké tó tò létí òkun láti Elie dé Crail ló yẹ kẹ́ ẹ torí ẹ̀ lọ, kí St Andrews wá kẹ́yìn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń se iyọ̀ nígbà kan rí, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń di ẹja ṣawá sínú àgbá, níbẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń ná ọjà dé Holland àti àwọn ìlú òkun Baltic. Wọ́n ní ọba Scotland kan ló sọ láyé àtijọ́ pé aṣọ alágbe tí wọ́n fi wúrà ṣẹ́tí ni Fife. Etí aṣọ yẹn la fẹ́ lọ wò.

Fife wà ní ìlà oòrùn Scotland. Ẹnu odò Forth yà á kúrò lára Edinburgh ní gúúsù, ẹnu odò Tay yà á kúrò lára Dundee ní àríwá, Òkun Àríwá sì ni iwájú rẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tó gba etí òkun rẹ̀ kọjá, Fife Coastal Path, tó gùn tó 117 máìlì láti Kincardine dé Newburgh. Ẹ má bẹ̀rù, a ò ní rin gbogbo rẹ̀. Láti Elie dé Crail kò ju nǹkan bíi máìlì 10 lọ, bọ́ọ̀sì sì wà fún ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo omi kẹ́ ẹ tó wo ọkọ̀

Òkun ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Omi tó kún dé àyà ògiri èbúté ní òwúrọ̀, tó bá fi máa di nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà sí i, ó ti fà lọ. Ẹrẹ̀ àti ewé òkun nìkan lẹ máa bá níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ ojú omi á sì ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Wákàtí mẹ́fà mìíràn, omi á tún ti dé. Lójoojúmọ́ ni àkókò yìí ń fi bíi àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ sí i, ìyẹn ni pé bí omi bá kún lọ́sàn-án Sátidé yìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ṣe ló máa fà lọ́sàn-án Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ ò lè gbọ́kàn lé ohun tí ọ̀rẹ́ yín tó lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá sọ fún yín.

Ẹ tẹ "tide times Anstruther" sórí Google, kẹ́ ẹ kọ àkókò tí omi máa kún àti ìgbà tó máa fà ní ọjọ́ méjèèjì sínú ìwé. Ohun méjì ló rọ̀ mọ́ ọn. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀wọ̀n àpáta Elie, ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n kàn mọ́ àpáta létí òkun kéèyàn lè dì í mú kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gùn tí omi bá ń kún bọ̀. Èkejì ni ọkọ̀ ojú omi tó ń gbéra láti Anstruther lọ sí erékùṣù May: àkókò tó ń lọ kì í ṣe ọ̀kan náà lójoojúmọ́, torí omi ni wọ́n ń dúró dè.

Lẹ́yìn omi, ẹ wo oṣù. Láti May dé July ló dùn jù. Ẹyẹ pọ̀ ní erékùṣù nígbà náà, ilẹ̀ kì í sì í tètè ṣú. Nínú oṣù June, oòrùn máa ń wà lójú ọ̀run títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Ní December, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti wọ̀, ẹni tó bá sì ti Èkó dé lọ́sẹ̀ náà á rò pé wọ́n fi nǹkan bo òun lójú ni. Ìkúukùu kan tún wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní haar. Tí atẹ́gùn tó lọ́wọ́ọ́rọ́ bá gba orí òkun tútù kọjá, ó máa ń di kùrukùru, á sì rọra wọ inú ìlú láti ojú òkun. Ó lè ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an. Oòrùn á máa ràn fàlàlà ní máìlì márùn-ún sẹ́yìn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí omi ò ní rí òpin èbúté. Ẹ̀wù tó nípọn nínú oṣù July kì í ṣe àsọdùn.

Èyí tó kẹ́yìn lórí àkókò: ẹ fi ọjọ́ kejì sí ọjọ́ Sunday. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ tí a bá dé St Andrews.

Ìgbésẹ̀ kejì: bí ẹ ṣe máa débẹ̀

Tó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀, físà UK kan náà ló wúlò, kò sí físà ọ̀tọ̀ fún Scotland. Láti Edinburgh, ọ̀nà méjì ló wà. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ sí Leuchars, nǹkan bíi wákàtí kan, ibẹ̀ lẹ ó ti wọ bọ́ọ̀sì sí St Andrews, torí St Andrews fúnra rẹ̀ kò ní ibùdókọ̀ ojú irin láti ọdún 1969 tí wọ́n ti tì í pa. Èyí tó bá ètò wa mu ni ọkọ̀ tó ń lọ sí Leven. Láti ọdún 1969 náà ni ọkọ̀ èrò ojú irin ò ti dé Leven mọ́, àfi ní June 2024 tí wọ́n tún ojú irin rẹ̀ ṣí. Ẹ wọ ọkọ̀ Leven lówùúrọ̀ Sátidé.

Ẹ jókòó sápá ọ̀tún. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Edinburgh díẹ̀, á gun Forth Bridge, afárá irin pupa tí wọ́n ṣí ní ọdún 1890, tí UNESCO sì kọ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2015. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ kì í rí afárá náà dáadáa, òtítọ́ ni, àwọn òpó irin ló kàn máa ń sáré kọjá lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, láti Burntisland dé Kirkcaldy, ojú irin rọ̀ mọ́ òkun débi pé tí ìjì bá ń jà, ẹ lè rí ìfóòfó omi nísàlẹ̀ yín.

Ní Leven, bọ́ọ̀sì 95 lẹ máa wọ̀. Òun ló ń gba Elie, St Monans, Pittenweem, Anstruther àti Crail kọjá lọ sí St Andrews. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan lọ́wọ́ dírẹ́bà, yóò dín owó kù ju kẹ́ ẹ máa san án lẹ́sẹẹsẹ. Káàdì báńkì ṣeé fi san. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 22 tó ń gbé ní Scotland, tí wọ́n sì ní káàdì ìjọba, kì í san owó bọ́ọ̀sì rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà tó ti pé 60. Káàdì ti England kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ o, ẹ̀yin ará London. Bọ́ọ̀sì ọjọ́ Sunday kì í pọ̀ tó ti Sátidé, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí Traveline Scotland, ìkànnì tó ń sọ àkókò ọkọ̀, kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Elie, tí omi bá ti fà

Elie jẹ́ ìlú àwọn tó rí ṣe. Yanrìn rẹ̀ mọ́, ilé rẹ̀ tóbi, ajá pọ̀ níbẹ̀ ju ọmọ lọ. Ẹ má pẹ́ lórí títì rẹ̀. Ohun tí ẹ bá wá wà lápá méjì òdìkejì ara wọn.

Lápá ìwọ̀ oòrùn, lẹ́yìn Earlsferry, ni ẹ̀wọ̀n àpáta wà, Elie Chain Walk. Wọ́n kan ẹ̀wọ̀n irin mẹ́jọ mọ́ ara àpáta Kincraig, èyí tí iná abẹ́ ilẹ̀ dá sílẹ̀ láyé tí a ò tíì dé. Àwọn kan nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, àwọn kan sì dúró ṣánṣán bí ìgbà téèyàn ń gun ọ̀pẹ. Wọ́n gbẹ́ ihò sára òkúta fún àtẹ̀lẹsẹ̀. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí: ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ku bíi wákàtí méjì kí omi fà tán, kó lè jẹ́ pé omi ń sá fún yín ni, kì í ṣe pé ó ń lé yín bọ̀. Ẹ wọ bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀. Ẹ gbé ohun gbogbo sínú báàgì ẹ̀yìn kí ọwọ́ yín méjèèjì lè ṣófo. Tí ẹ bá di ẹ̀wọ̀n mú, ẹ fẹ̀yìn síta díẹ̀ kí ẹsẹ̀ yín lè tẹ àpáta dáadáa. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ àpáta pẹ́kípẹ́kí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ̀. Òkúta ìsàlẹ̀ tó ní ewé òkun lórí ń yọ̀ ju ilá lọ.

Láàárín ibẹ̀, kò sọ́nà míì tí ẹ lè gbà jáde ju kẹ́ ẹ lọ síwájú tàbí kẹ́ ẹ padà. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń ká àwọn èèyàn mọ́bẹ̀. Tí wàhálà bá dé, nọ́ńbà 999 ni, kẹ́ ẹ sì ní Coastguard lẹ fẹ́, ìyẹn àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí létí òkun, ẹ má sọ pé ọlọ́pàá. Ẹni tó bá gbé ọmọ kékeré dání, tàbí tí orúnkún rẹ̀ ń ro ó, kó gba ọ̀nà òkè. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà lórí àpáta náà, ìran tó wà lókè yẹn sì dáa ju ti ìsàlẹ̀ lọ.

Lápá ìlà oòrùn ni Lady's Tower wà, ilé gogoro kékeré kan tó ti di àlàpà lórí òkúta. Nǹkan bí ọdún 1770 ni wọ́n kọ́ ọ fún Lady Janet Anstruther, kó lè máa pààrọ̀ aṣọ níbẹ̀ kó tó lọ wẹ̀ nínú òkun. Ìtàn àwọn ará ìlú ni pé bó bá fẹ́ lọ wẹ̀, ó máa ń rán akéde pẹ̀lú agogo yí ìlú ká, kí gbogbo ọkùnrin má bàa gba apá ibẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni Ruby Bay, etíkun tí wọ́n ti máa ń rí garnet, òkúta pupa tíńtín bí orí abẹ́rẹ́ ìgúnṣọ, nínú yanrìn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wá a níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí St Monans àti Pittenweem

Láti Elie, ọ̀nà etíkun gba ẹ̀gbẹ́ àlàpà méjì kọjá, Ardross àti Newark Castle, kó tó já sí St Monans. Bíi máìlì mẹ́ta ni. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí ni ṣọ́ọ̀ṣì kan tó sún mọ́ òkun ju bó ṣe yẹ lọ. Ọba David Kejì ló kọ́ ọ láàárín ọdún 1360 sí 1370. Nígbà tí ìjì bá jà, omi iyọ̀ máa ń ta dé ara ògiri ibi ìsìnkú rẹ̀. Tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ẹ wọlé kẹ́ ẹ gbójú sókè: ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí wọ́n fi igi gbẹ́ ló rọ̀ sábẹ́ àjà. Àwọn tí baálé wọn ń bá òkun jà ló ń jọ́sìn níbẹ̀, kò yani lẹ́nu pé ọkọ̀ ni wọ́n gbé kọ́ sókè.

Tí ẹ bá kọjá èbúté, ẹ ó rí ọlọ kan tí afẹ́fẹ́ ń yí nígbà kan rí. Kì í ṣe àgbàdo ló ń lọ̀. Omi òkun ni wọ́n ń fi í fà sókè sínú àwọn ilé tí wọ́n ti ń se iyọ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹ bẹ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ wò dáadáa, àwọn gegele tí koríko ti bò yẹn ni ilé iyọ̀ mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ rọrùn láti sọ ju láti ṣe lọ: wọ́n á bu omi òkun sínú àwo irin ńlá, wọ́n á fi ẹ̀ẹ́dú dáná sábẹ́ rẹ̀ títí omi á fi gbẹ tán, iyọ̀ á kù. Ẹ̀ẹ́dú tí kò dára tó fún títà sí òkèèrè ni wọ́n ń jó sábẹ́ rẹ̀. Iyọ̀ yẹn ni ẹja nílò, ẹja yẹn ló kọ́ ìlú.

Máìlì kan àtààbọ̀ sí i, ẹ dé Pittenweem. Tí mo bá máa yan ìlú kan ṣoṣo, òun ni. Ìdí ni pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní Elie, ọkọ̀ ojú omi wà fún fàájì, ṣùgbọ́n ní Pittenweem ẹ ó bá àwọ̀n tó tutù lórí èbúté, ẹ ó bá agbọ̀n edé àti alákàn, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i. Ẹ kí àwọn apẹja tí ẹ bá bá wọn níbẹ̀, ẹ má sì tẹ okùn wọn mọ́lẹ̀ torí fọ́tò. Nínú oṣù August, ayẹyẹ iṣẹ́ ọnà máa ń wáyé, àwọn ayàwòrán á ṣílẹ̀kùn ilé wọn fún àlejò, èrò á wá pọ̀ débi pé mọ́tò kò ní ríbi dúró sí.

Ẹ gòkè láti èbúté, ẹ ó kan ihò àpáta St Fillan ní Cove Wynd. Ó ní ilẹ̀kùn, ó sì ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ bèèrè kọ́kọ́rọ́ náà ní àwọn ìsọ̀ tó wà lójú títì òkè. Wọ́n ní ẹni mímọ́ yìí ń fi apá rẹ̀ òsì tàn bí iná kó lè ráyè kọ̀wé nínú òkùnkùn. Inú ibẹ̀ tutù, omi ń kán láti òkè, pẹpẹ kan sì wà lẹ́yìn.

Pittenweem ní ìtàn míì tí wọn kì í kọ sára káàdì ìkíni. Ní ọdún 1704, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún kan tó ń kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, Patrick Morton, ní àwọn obìnrin kan ń fi àjẹ́ bá òun jà. Wọ́n kó wọn sẹ́wọ̀n, wọ́n dá wọn lóró. Ní January 1705, èrò ìlú wọ́ ọ̀kan nínú wọn, Janet Cornfoot, lọ sí etí òkun, wọ́n lù ú, wọ́n gbé ilẹ̀kùn lé e lórí, wọ́n sì ń to òkúta lé ilẹ̀kùn náà títí ó fi kú. Kò sí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi fún ikú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ àjẹ́ ṣe máa ń rí nílé náà yóò dúró díẹ̀ lórí èbúté yẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Anstruther àti erékùṣù May

Máìlì kan àtààbọ̀ míì ni Anstruther. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo wọn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti jẹun. Ẹja haddock tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò tí wọ́n dín pẹ̀lú ọ̀dùnkún ni oúnjẹ ibẹ̀, ẹ ó sì tò sórí ìlà. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ iyọ̀ àti fínígà. Ata kò sí, ẹni tó bá fẹ́ ata kó gbé tirẹ̀ dání. Tí ẹ bá gbé oúnjẹ jáde síta, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Àwọn ẹyẹ òkun funfun tó wà níbẹ̀ kì í bẹ̀bẹ̀, ẹ̀yìn orí ni wọ́n máa ń gbà wá, ìgbà tí ẹ bá fi máa pariwo, ẹja ti lọ.

Scottish Fisheries Museum wà lójú èbúté, wọ́n ṣí i ní ọdún 1969. Ẹ fún un ní wákàtí méjì. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ṣawá láti inú fìrísà ẹlẹ́ja, ṣùgbọ́n ibí lẹ ó ti rí ohun tó ná àwọn èèyàn láti mú un. Ẹ lọ wo apá tó jẹ́ ti àwọn obìnrin. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ṣiṣẹ́: méjì ń fi ọ̀bẹ kékeré yọ ìfun ẹja, ẹnì kẹta ń to ẹja sínú àgbá, ẹja ìlà kan, iyọ̀ ìlà kan. Wọ́n ń fi àkísà wé ìka kọ̀ọ̀kan, torí ibi tí ọ̀bẹ bá gé, iyọ̀ ò ní jẹ́ kó jinná. Bí ẹja ṣe ń lọ ní etíkun ni àwọn obìnrin yìí ń tẹ̀ lé e, láti Shetland lápá àríwá títí dé Yarmouth ní England. Àwọn àgbá náà ń lọ sí Jámánì àti Rọ́ṣíà. Yàrá kan wà níbẹ̀ fún àwọn apẹja tí òkun gbé lọ, tí orúkọ wọn wà lára ògiri. Wọn kì í sọ̀rọ̀ sókè níbẹ̀. Tí Reaper, ọkọ̀ ìpẹja tó ń lo ìgbòkun tí wọ́n kàn ní ọdún 1902, bá wà ní èbúté, ẹ wò ó.

Erékùṣù May wà ní nǹkan bíi máìlì márùn-ún sí etíkun. April dé September ni ọkọ̀ ń lọ. Ẹ gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí èrò iwájú yín pọ̀. Tí wọ́n bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lówùúrọ̀ pé afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí ọkọ̀ lọ, ẹ má bá wọn jà. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹ fi ọjọ́ yẹn lọ Crail.

Tí ọkọ̀ bá gbéra, ìdí àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn fi ń lọ ni puffin, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ dúdú àti funfun tí ẹnu rẹ̀ kún fún àwọ̀. Wọ́n ń gbé inú ihò ilẹ̀ níbẹ̀ láti April títí dé nǹkan bí ìparí July, lẹ́yìn náà wọ́n á fò padà sójú òkun. Ẹ̀yin tí ẹ bá lọ ní August kẹ́ ẹ má bínú. Ẹ dé fìlà o. Ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ tern, tó máa ń ti òkè já wá sí orí ẹni tó bá súnmọ́ ìtẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú. Kò sí ìsọ̀ kankan lórí erékùṣù náà, ẹ gbé oúnjẹ àti omi lọ́wọ́. Ẹ má kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀, torí ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún ihò ẹyẹ, ẹsẹ̀ yín lè fọ́ ọ mọ́ ọmọ lórí.

Ilé iná ojú òkun àkọ́kọ́ ní Scotland wà níbẹ̀, wọ́n kọ́ ọ ní ọdún 1636. Ẹ̀ẹ́dú ni wọ́n ń jó lórí rẹ̀ lálaalẹ́. Ní ọdún 1791, èéfín eérú rẹ̀ pa ẹni tó ń tọ́jú iná náà àti ìyàwó rẹ̀ àti márùn-ún nínú àwọn ọmọ wọn. Ọmọ ọwọ́ wọn nìkan ló yè. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, tó dà bí ilé olódi, Robert Stevenson ló kọ́ ọ ní 1816.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ sùn ní Crail

Máìlì mẹ́rin láti Anstruther, ẹsẹ̀ tàbí bọ́ọ̀sì. Mo ní kẹ́ ẹ sùn níbẹ̀, kì í ṣe torí pé ó dín owó, torí kì í dín, ṣùgbọ́n torí pé èrò ọ̀sán máa ń lọ, ìlú á wá kù fún yín. Ẹ gba yàrá sílẹ̀ ṣáájú, torí ìlú kékeré ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ gba Shoregate lọ sí èbúté. Àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òrùlé alámọ̀ pupa, irú èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé bọ̀ láti Holland kí ọkọ̀ má bàa fúyẹ́ jù, orí ògiri wọn sì ṣe bí àtẹ̀gùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ahéré kékeré kan máa ń ta alákàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè níbẹ̀.

Lókè, ọjà Marketgate gbòòrò ju bí ìlú ṣe tóbi lọ. Ní ọdún 1310, Ọba Robert the Bruce fún Crail ní ìwé àṣẹ, ó sì gbà fún wọn láti máa ná ọjà lọ́jọ́ Sunday, èyí tó bí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì nínú fún ìgbà pípẹ́. Lórí ilé ìgbìmọ̀ àtijọ́, ohun tó ń tọ́ka afẹ́fẹ́ kì í ṣe àkùkọ bí ti ibòmíràn, ẹja ni, torí haddock gbígbẹ Crail lókìkí.

Ẹ wọ ibi ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì St Mary. Ilé kékeré olókùúta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí lórí pé ọdún 1826 ni wọ́n kọ́ ọ láti fi ṣọ́ òkú. Láyé ìgbà yẹn, àwọn kan ń hú òkú tà fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ oníṣègùn ní Edinburgh. Wọ́n á gbé pósí sínú ilé yìí, wọ́n á tì í pa títí òkú á fi jẹrà tí kò ní wúlò fún títà mọ́, kí wọ́n tó sin ín. Ní ẹnu géètì ni òkúta aláwọ̀ búlúù kan wà, tí wọ́n ní Èṣù dúró lórí erékùṣù May sọ lu ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò bà á. Èṣù tiwọn ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe tiwa.

Ìgbésẹ̀ keje: St Andrews, lọ́jọ́ Sunday

Ìdí tí mo fi ní Sunday nìyí. Old Course, pápá gọ́ọ̀fù tí gbogbo ayé mọ̀, wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday àyàfi tí ìdíje ńlá bá wà. Ilẹ̀ gbogbo ìlú ni, torí náà ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni lè rìn lórí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó gun Swilcan Bridge láìsí pé wọ́n ń pariwo lé e. Lọ́jọ́ mìíràn, bọ́ọ̀lù líle lè fọ́ yín lórí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì ìlú, níbi àlàpà kàtídírà. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi tó o ní Scotland nígbà tí wọ́n yà á sí mímọ́ ní ọdún 1318, níṣojú Robert the Bruce. Ìkọ́lé rẹ̀ gbà tó ọgọ́jọ ọdún. Ní 1559, John Knox, oníwàásù Pùròtẹ́sítáǹtì, wàásù nínú ìlú, àwọn alátùn-únṣe ẹ̀sìn sì kó ẹrù inú rẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta rẹ̀ lọ kọ́ ilé. Ògiri ọgbà tí ẹ máa fẹ̀yìn tì nínú ìlú lè jẹ́ ara rẹ̀. Ilé gogoro St Rule tó wà nínú ọgbà náà ga tó mítà 33, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó lọ bóyá wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn gùn ún ní àsìkò yẹn.

Ilé olódi wà ní ìsàlẹ̀ títì lẹ́bàá òkun, owó ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ẹ san án. Ní 1 March 1546, Kádínà David Beaton jẹ́ kí wọ́n dáná sun oníwàásù Pùròtẹ́sítáǹtì George Wishart níwájú rẹ̀. Ní 29 May ọdún kan náà, àwọn ọ̀rẹ́ Wishart wọlé, wọ́n pa kádínà náà, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ kọ́ sójú fèrèsé. Ogun dó ti ilé náà. Àwọn tó wà níta ń gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ bọ̀, àwọn tó wà nínú ń gbọ́ ìró ọ̀kọ́ wọn, wọ́n sì gbẹ́ tiwọn lọ pàdé wọn. Ihò méjèèjì ṣì wà, ẹ lè wọnú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ba, àjà rẹ̀ kò ga, ẹ ó sì rí ibi tí àwọn tinú ilé ti gbẹ́ òdì kí wọ́n tó rí ọ̀nà tààrà. Ní July 1547, ọkọ̀ ogun Faransé fọ́ ilé náà, John Knox sì wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ fi wa ọkọ̀.

Yunifásítì ibẹ̀ ti wà láti ọdún 1413. Ní North Street, ẹ wo ilẹ̀ níwájú St Salvator's: lẹ́tà P àti H wà lára òkúta, níbi tí wọ́n ti dáná sun Patrick Hamilton, oníwàásù Pùròtẹ́sítáǹtì, ní 29 February 1528. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ẹni bá tẹ̀ ẹ́ á fìdí rẹmi nínú ìdánwò, àfi tó bá lọ wẹ̀ nínú òkun tútù ní òwúrọ̀ 1 May. Tí ẹ bá ní ọmọ tó ń wá àyè síbẹ̀, ẹ gbà á nímọ̀ràn.

Bọ́ọ̀sì 99 ló ń lọ sí Leuchars láti ibùdókọ̀ St Andrews, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹ kúrò nígbà tó bá ku ọkọ̀ ojú irin kan tàbí méjì lẹ́yìn èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀, torí bọ́ọ̀sì Sunday kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń kánjú. Ẹ ra tíì kẹ́ ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ ibùdókọ̀ Leuchars kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni.